Kí lẹ̀ ń kà, kí lẹ̀ ń gbọ́, kí lẹ̀ ń wò, tí ara fi ń tù yín?

Télọ̀ Tákíè, Ogbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Bí iṣẹ́ bá ti lù yín mọ́lẹ̀, tí ara wálé ṣùgbọ́n tí ọkàn kò tẹ̀ lé e, kí lẹ máa ń gbọ́, kí lẹ máa ń kà, kí lẹ máa ń jókòó tì wò? Ẹ má wí oorun fún mi. Ẹni tó bá ti sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ rí, tó jí tí inú rẹ̀ ṣì wúwo, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ sọ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ti tọ́ wò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ní ó dára.

Kí n sọ tèmi ná. Aṣọ ni mò ń rán. Láàárọ̀ tí máṣínnì ń sáré, táwọn ọmọ iṣẹ́ ń pariwo, fújì ni mo máa ń fi sí i, torí ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, tí mo bá ń fọwọ́ ká etí agbádá, fújì kì í bá mi lára mu mọ́. Sákárà ni mo máa ń gbé sí i, ti Yusuf Olátúnjí, Bàbá l'Ẹ́gbàá. Láti 1978 ló ti kú, wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Bàbá mi ló fi àwọn téèpù náà sílẹ̀ nínú páálí bàtà kan.

Ẹ wo ohun tó wà nínú orin yẹn. Ìlù sákárà fúnra rẹ̀ ò ju òrùka amọ̀ tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò lójú kan lọ. Kì í bú, ńṣe ló ń kùn. Gòjé tó ń bá a rìn, okùn rẹ̀ kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ á máa dárò bí èèyàn. Akọrin á wá gbé orúkọ ẹnì kan, á kì í, á ki bàbá rẹ̀, á dárúkọ ìyàwó, á dárúkọ ọ̀rẹ́, kò ní kánjú. Bó ṣe ń lọ yẹn ni abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi náà á ṣe máa lọ.

Oníbàárà kan wá gba aṣọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò tilẹ̀ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ní kí n ju báàgì náà sí òun. Ibi tó ti ń nawọ́ owó sí mi ni gòjé ti dún. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ta ló ni téèpù yìí?" Mo ní bàbá mi ni. Ó sanwó fún ọlọ́kadà, ó ní kó máa lọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iṣẹ́, kò sì dìde títí ojú kìíní téèpù fi tán. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní kí n yí i sójú kejì, kóun máa gbọ́ ọ bóun ṣe ń rìn lọ lójú títì.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó tán. Ojú kan odindi. Orin yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń bu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń gbọ́ ọ, ìpolówó ọṣẹ á já wọ àárín oríkì, gbogbo ẹ̀ á bà jẹ́. Ẹ wá ẹni tó ní in kó bá yín fi sórí mẹ́mọ́rì.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

Ìyá wa Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ni tèmi, ti D. O. Fágúnwà, àmọ́ mi kì í kà á sínú. Ohùn òkè ni mo fi ń kà á, lọ́dẹ̀dẹ̀, lálẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹni tó bá fi ojú nìkan ka Fágúnwà kò tíì kà á. Ẹnu ló kọ ọ́ fún. Ibi tó bá ti ń to ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀, tó ń ṣàpèjúwe iwin kan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú á fẹ́ sáré kọjá, ṣùgbọ́n ahọ́n ò lè sáré. Ibẹ̀ gan-an lara ti ń tù mí.

Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ la kọ́kọ́ kà. Bí wọ́n ṣe to ìwé náà bá alẹ́ mu. Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn inú rẹ̀, kì í sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Á sọ díẹ̀, á lọ, ilẹ̀ á mọ́, á tún padà wá, àwọn tó fẹ́ gbọ́ á sì ti pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi nìkan ló wà níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Kò pẹ́, ọmọ àwọn ayálégbé dé, ìyá wọn náà gbé àpótí wá, ó ní ẹ̀wà lòun ń ṣà. Ọmọkùnrin tó ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi wá dá ọgbọ́n kan: bó bá ti gbọ́ pé iwin ń bọ̀ lọ́nà, á yí iná kúrò lójú ìwé, kí n má baà kà á débẹ̀. Àwọn yòókù á pariwo lé e lórí. Kò sí fíìmù tó ṣe irú ẹ̀ fún wa rí nínú ilé yìí.

Fún àwa ará Ọ̀yọ́, ìwé yẹn tún ní adùn mìíràn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew's tó wà lọ́dọ̀ wa níbí ni Fágúnwà ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, Ọ̀yọ́ náà ló sì ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ láti 1930 dé 1939. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde. Ẹ ṣírò ó fúnra yín: ọkùnrin tó ń fi ọ̀sán kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ nílùú yìí ló ń kó irúnmalẹ̀ jọ sínú ìwé. Orí ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni Yunifásítì Àjàyí Crowther wà lónìí, bí a bá sì ti ń kọjá níbẹ̀, àwọn ọmọ yẹn á máa yọjú wo inú ọgbà bóyá wọ́n á rí Àkàrà-Ògùn.

Ibi tó bá ti ń wàásù, mo máa ń fò ó. Fágúnwà fẹ́ràn ìwàásù púpọ̀, tíṣà sì ni èmi náà, èyí tó wà lẹ́nu mi tó mi.

Ìkìlọ̀ kan ṣá o. Ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tiwa ni Adébáyọ̀ Fálétí, Yorùbá rẹ̀ sì dùn ún kà dé góńgó, àmọ́ ẹ má gbé Ọmọ Olókùn Ẹṣin sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún 1969 ló jáde, ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ bọ́ lóko ẹrú ni, ẹnu ẹni mẹ́ta ló sì gbà jáde, Àjàyí, Ìbíwùmí àti Àyọ̀wí. Bí Àjàyí bá ti bẹ̀rẹ̀, oorun lọ nìyẹn. Ọ̀sán ni kí ẹ kà á, lọ́jọ́ tí ẹ ò níṣẹ́.

Ọmọ Àyàn, Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ìlù ń tu àwọn lára, pé èmi tí wọ́n bí sídìí ìlù á mà máa gbádùn o. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ni. Tí mo bá gbọ́ dùndún níbi tí mo ti ń jẹun, etí mi á ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lù ú: ṣé ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká, ṣé ọṣán rẹ̀ le tó. Oúnjẹ á tutù.

Torí náà, iṣẹ́ tí kò dún ni mo ń lọ wò. Àwọn afíngbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ọ̀yọ́ kọjá ń rí igbá fínfín lórí àtẹ, ẹ ń ná an, ẹ ń lọ. Ẹ jókòó lọ́jọ́ kan kí ẹ wo bó ṣe ń gba ọnà. Igbá tó ti gbẹ, tí wọ́n ti ha inú rẹ̀ mọ́, ni afíngbá á gbé lé orí itan. Bàbá tí mo máa ń jókòó tì kì í ya nǹkan kan sí i tẹ́lẹ̀. Á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìlà yí ẹnu igbá ká, á fa òmíràn sábẹ́ rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ha èèpo tó wà láàárín wọn kúrò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tó ha á funfun, ibi tó fi sílẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú. Ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀bẹ ló ń rìn. Irọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, ọwọ́ òsì ló ń yí igbá wá bá a, díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ̀fun igbá á dà sórí orúnkún rẹ̀, á fẹ́ ẹ dànù, fùú, á tún máa bá a lọ.

Mo bi í bó ṣe ń mọ̀ pé ìlà méjèèjì á pàdé lẹ́yìn tó bá yí igbá ká. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé o máa ń ka ẹsẹ̀ rẹ kó o tó délé ni?"

Ẹ kí wọn kí ẹ tó jókòó, ẹ ra igbá kékeré kan lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì na fóònù sí wọn lójú. Ohun tí wọ́n fẹ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Ogbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú àsọyé o. Òru ni mò ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni mò ń sùn, ìyẹn tí àwọn ọmọ àdúgbò bá gbà fún mi. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ sì mọ Ogbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ láti 1898, kọ́áyà ò wọ́n wa. Àmọ́ kì í ṣe orin ọjọ́ Ìsinmi ló ń tù mí lára. Ìdánrawò wọn ni mo fẹ́ràn, tí wọ́n máa ń ṣe nírọ̀lẹ́ kí n tó jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ fi dò-rè-mí kọ ọ́, láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ á ṣìnà. Ọ̀gá wọn á kan tábìlì, kọ́ kọ́ kọ́, á ní ẹ padà. Wọ́n á padà, wọ́n á tún ṣìnà níbẹ̀ náà, ẹ̀rín á sọ. Títí wọ́n á fi mú un.

Níbi iṣẹ́ tèmi, nǹkan tó bá bà jẹ́ lóru, ekukáká la fi ń rí àyè wí pé "ẹ padà". Mo rò pé ìdí nìyẹn.

Ọmọ Àyàn, mo fẹ́ràn dùndún, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ máa ń rọ́ pọ̀ létí mi. Báwo ni kí n ṣe máa gbọ́ ọ?

Ọmọ Àyàn, Ọ̀yọ́

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má kọ́kọ́ wá ìyáàlù. Òun ni gbogbo èèyàn ń wá, torí òun ló ní ṣaworo, òun ló ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú ni kí ẹ wá, ìlù kékeré olójú kan tó wà lọ́rùn onílù, tí wọ́n ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lù. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè sódò, torí kò ní ọṣán tí wọ́n ń fún mọ́ra bíi tàwọn yòókù. Bí ẹ bá ti di òun mú, ẹ wá gbọ́ kẹríkẹrì, ìlù mìíràn láàárín àwọn dùndún. Ohun kan náà lòun ń tẹnu mọ́ ṣáá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó jẹ́ kí ìyáàlù wọlé sí yín létí. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ da ara yín láàmú pé ẹ fẹ́ mọ gbogbo ohun tó ń wí. Àwa náà máa ń bi ara wa.

Ọmọ Ìjerù

Látàárọ̀, ẹnì kan ò dárúkọ ìjálá! Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ wa, ẹ ti gbàgbé rẹ̀? Ẹ gbọ́ ọ nílé o. Mo gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ rí, mo kọjá ibi tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Akọ̀wé Ọ̀wọ́dé, Ọ̀yọ́

Èdè Òyìnbó ni Samuel Johnson fi kọ ìtàn Yorùbá, àmọ́ pásítọ̀ ló jẹ́ ní Ọ̀yọ́ níbí, tiwa ni. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù sí Ìlú Ọba, Johnson kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló tún gbogbo rẹ̀ kọ látinú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó sì jáde ní 1921. Èmi kì í ka ogun inú rẹ̀ bí ó bá ti rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí àbúrò kọ ni mo máa ń ṣí.

Télọ̀ Tákíè, Ogbómọ̀ṣọ́

Bàbá Tíṣà, ojú mi ò gbe lẹ́tà wẹ́wẹ́ lálẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ Yorùbá kà dáadáa. Lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ, èwo ni kó kà fún wa?

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

Ìrèké Oníbùdó, èyí tó jáde ní 1949. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ dá ojú ewé tí ó fẹ́ kà kà lọ́sàn-án, kó má baà máa kọsẹ̀ lójú gbogbo yín lálẹ́.