Sípẹ́ṣálíìsì ni mí níbi tí mo wà, báwo ni wọ́n ṣe máa gbà mí bẹ́ẹ̀ nílùú míì?

Akunnilóorun:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin dókítà. Iṣẹ́ kíkun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni mò ń ṣe, mo ti parí tíréníìnì, mo ti di kọnsọ́tántì, ìyẹn ọ̀gá dókítà nínú iṣẹ́ yìí. Mo wá ń wo UK àti Ọsirélíà, ẹnì kan ní kí n lọ ṣe PLAB, ìyẹn ìdánwò tí UK ń ṣe fáwọn dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè, ẹlòmíì ní PLAB ò kàn mí, ẹlòmíì tún ní ṣe ni màá padà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé. Ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bọ̀dé_T:
Ẹ fọkàn balẹ̀. Nǹkan méjì làwọn èèyàn ń lù pọ̀: àṣẹ láti ṣe dókítà ọ̀tọ̀, orúkọ nínú ìwé àwọn sípẹ́ṣálíìsì ọ̀tọ̀. Ní UK, GMC, ìyẹn àjọ tó ń fún àwọn dókítà láṣẹ, ló ń fúnni ní méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ti gba àṣẹ, ẹ lè ṣiṣẹ́, wọ́n tiẹ̀ lè fi yín ṣe lókọ́ọ̀mù kọnsọ́tántì, àmọ́ kẹ́ ẹ tó di kọnsọ́tántì gidi tí kì í ṣe adelé ní NHS, ìyẹn àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, àfi kí orúkọ yín wà nínú ìwé kejì yẹn. Portfolio Pathway ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ níta ń gbà débẹ̀, CESR ni wọ́n ń pè é títí di ìparí 2023. PLAB ò pọn dandan tẹ́ ẹ bá ní ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn sípẹ́ṣálíìsì, tí GMC fọwọ́ sí, bíi MRCP tàwọn físíṣíànì, ìyẹn dókítà tí kì í ṣiṣẹ́ abẹ.

Ìyá_Ìbejì:
Ní ti Portfolio Pathway yẹn, inú ìwé kíkó jọ gan-an niṣẹ́ wà o. Wọn ò bìkítà iye ọdún tẹ́ ẹ ti lò, ohun tẹ́ ẹ lè fi hàn ni wọ́n ń wò. Lọ́ọ̀gìbúùkù, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kọ iṣẹ́ yín sí: iṣẹ́ abẹ wo, ọjọ́ orí aláìsàn, ṣé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni àbí ẹ kùn ún lóorun pátápátá, ta ló dúró tì yín àbí ẹ̀yin lẹ dá a ṣe. Ọ́dìtì, ìyẹn yíyẹ iṣẹ́ wò bóyá ó bá ìlànà mu, ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ kọ́ àwọn kékeré, gbogbo ẹ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ pa orúkọ aláìsàn àti nọ́ńbà fáìlì ẹ̀ rẹ́ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mò ń ṣe tèmi, mo ti pa orúkọ aláìsàn kan rẹ́ lókè, mo bá tún rí orúkọ ìyá ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò níbi tẹ́ ẹ wà kí ọ̀gá yín tó fọwọ́ sí i. Ó máa ń dùn mí, dókítà tó mọṣẹ́ dáadáa á dé òkè òkun tán, ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì, kò wá sẹ́ni tó máa jẹ́rìí sí i.

Dókítà_Ọsi:
Ní Ọsirélíà, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ yín ló ń yẹni wò, ANZCA, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tó ń kunni lóorun, ni tiyín. Wọ́n á fi tíréníìnì yín wé tiwọn, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, wọ́n á wá sọ bóyá ó sún mọ́ tiwọn dáadáa, àbí dé àyè kan, àbí kò bára mu rárá. Ẹni tó sún mọ́ dáadáa á ṣiṣẹ́ lábẹ́ àmójútó, ó pẹ́ tán oṣù 12, tẹni tó dé àyè kan lè tó oṣù 24, ó sì lè gba ìdánwò. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ EPIC ṣá, ìyẹn ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń yẹ sáábíkéètì dókítà wò, UK àti Ọsirélíà ń lò ó, àwọn ló ń béèrè tààrà lọ́wọ́ iléèwé bóyá òótọ́ ni sáábíkéètì yín, tí iléèwé ò bá wá fèsì, ojú kan náà lẹ máa wà.

Akunnilóorun:
Ẹ ṣé gan-an ni, màá lọ bá ọ̀gá mi lórí lọ́ọ̀gìbúùkù yẹn. Good standing ńkọ́, ìwé tó ń jẹ́rìí pé dókítà ò ní ẹ̀sùn lọ́rùn, ṣé kí n gbà á báyìí?

Bọ̀dé_T:
Rárá, ẹ ṣì dúró. GMC ò ní gba èyí tó bá ti lé lóṣù 3, ìgbà tí ìyókù bá ti pé ni kẹ́ ẹ béèrè fún un. Gbogbo ìlú tẹ́ ẹ ti ṣe dókítà láàárín ọdún 5 sẹ́yìn ni wọ́n ti máa fẹ́ ẹ.