Àbá wo ni kí a gbé síwájú kí Python lè máa ka lẹ́tà Yorùbá bó ti yẹ?

Olùkọ́ ní Agbowó:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ kóòdù, mo kí yín o. Agbowó, ní Ìbàdàn, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà, lọ́sàn-án Sátidé. Yorùbá ni mo fi ń ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ Yorùbá la sì fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n fi len, àṣẹ Python tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó, ka iye lẹ́tà inú «ọ̀rọ̀». Mẹ́ta ni gbogbo wa rí, àmọ́ kọ̀ǹpútà ọmọ kan dáhùn pé 5, ti ẹnì kejì rẹ̀ sì dáhùn pé 7. Nígbà tí a fi ==, àmì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan méjì jẹ́ ọ̀kan náà, wé ohun tí àwọn méjèèjì tẹ̀, False (rárá) ló jáde, bẹ́ẹ̀ ni ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan. Nínú IDLE pàápàá, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń kọ kóòdù Python, ẹ̀ẹ̀mejì la ní láti tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà kí a tó lè kọjá ọ̀ kan ṣoṣo. Ó dùn mí gan-an, nítorí ọmọ tó fara balẹ̀ fi àmì sí èdè rẹ̀ ni ìyà yìí ń jẹ. Mo fẹ́ dá a lábàá pé kí len máa ka lẹ́tà bí ènìyàn ṣe ń kà á. Ṣé wọ́n lè gbà á?

Èsì láti Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún ọ, ìyẹn U+1ECD, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀; àmì ohùn ní láti tẹ̀ lé lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni len sì ń kà. Ibẹ̀ ni 5 ti wá. Kíbọ́ọ̀dù kejì tún ya àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára o, ó wá di 7. Bí ẹ bá fi unicodedata.normalize sọ méjèèjì di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ tó ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀ níbi tí nọ́ńbà kan bá ti wà fún wọn, 5 ni méjèèjì yóò jẹ́, == yóò sì mú True jáde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ní kí wọ́n yí len padà. Python 3 tó jáde ní 2008 yí bí èdè náà ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ padà, ọdún 2020 ni wọ́n sì tó dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Python 2 dúró. Àwọn tó tún kóòdù wọn kọ nígbà náà kò ní fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Àfikún ni kí ẹ béèrè. Module (àkójọ kóòdù tí a lè tún lò) tó ń jẹ́ regex, tí a ń gbà láti ìta láti fi wá ọ̀rọ̀ nínú àkọsílẹ̀, mọ àmì \X, tó ń mú lẹ́tà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n re, module irú rẹ̀ tó bá Python 3.12 wá, kò mọ̀ ọ́n.

Èsì láti Mọ́kọ́lá:
Mo fara mọ́ èyí, nítorí Swift, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ń ka ọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Síbẹ̀, ẹ wo «Agbowó» tí ẹ ti ń kọ́ wọn: lẹ́tà márùn-ún ni nínú ábídí wa, nítorí gb jẹ́ ẹyọ kan, mẹ́fà sì ni Swift yóò kà. A kò lè retí kí èdè kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò mọ ìyẹn fún wa. Àwa fúnra wa ló yẹ kí a kọ module fún un.

Olùkọ́ ní Agbowó:
Ẹ ṣeun púpọ̀. N ó fi len sílẹ̀, n ó sì béèrè fún \X nínú re. Ọ̀rọ̀ IDLE ńkọ́?

Èsì láti Bódìjà:
Ẹ yà á sọ́tọ̀. Tk, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ fèrèsé àti bọ́tìnnì, ni wọ́n fi kọ́ ojú IDLE, ó sì ṣeé ṣe kí àṣìṣe náà wá láti inú Tk fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀ kan náà wò nínú àpótí ìkọ̀wé kékeré kan tí ẹ fi tkinter, module tí Python fi ń lo Tk, ṣe. Ní ti \X, discuss.python.org, ibi ìjíròrò àwọn oníṣẹ́ Python, ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí kíkọ PEP, ìyẹn ìwé àbá fún àtúnṣe Python, ẹ máa nílò ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́jú Python gan-an láti ṣe onígbọ̀wọ́ yín. Ẹ fi kóòdù ìlà mẹ́ta tó mú 5 àti 7 jáde síbẹ̀ kí ẹ tó kọ àlàyé kankan.