“Big” àti àwọn ojúgbà rẹ̀: ibo lẹ ti ń rí i tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà?

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:
“Big” wà lára ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa kọ́kọ́ mọ̀. Tó bá yá, á gbọ́ pé “large”, “great” àti “huge” náà ń bẹ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n rọ́pò ara wọn bó ṣe wù ú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ògbufọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣàtúnṣe ìwé, àwọn àṣìṣe wo lẹ̀ ń bá pàdé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní “kò bá etí mu” o. Ẹ sọ ohun tó fà á.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì:
“Big rain” lọ̀gá gbogbo wọn, “ńlá” tiwa ló sì bí i. Òjò ńlá, ariwo ńlá, àìsàn ńlá, kò sí èyí tí kò bá a mu lédè wa. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń yan ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó máa bá a rìn. Òjò, “heavy” ni tiẹ̀. Afẹ́fẹ́, “strong”. Ariwo àti ohùn, “loud”. Ibà, “high”. Oorun, “deep”. Àìsàn, “serious”. “Heavy” yìí kan náà ló ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lọ, “heavy traffic”, òun náà la fi ń pe ẹni tó ń mu sìgá lámujù, “a heavy smoker”. Tẹ́ ẹ bá pè é ní “a big smoker”, ẹlòmíì á rò pé bó ṣe sanra tó lẹ̀ ń sọ.

Torí náà, tó bá ń ṣe yín bíi pé kò dá yín lójú, ẹ má lọ sábẹ́ “big” nínú atúmọ̀-èdè. Abẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ ṣí “rain”, ẹ ka gbólóhùn àpẹẹrẹ tó wà níbẹ̀, “heavy” á yọjú. Atúmọ̀-èdè tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tí wọ́n bí sínú èdè náà kì í sábà kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí wọ́n gbà pé òǹkàwé ti mọ̀ ọ́n.

Ògbufọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Kí n fi ti “large” àti “great” kún un, torí ibẹ̀ ló ta kókó jù.

“Large” fẹ́ràn ohun tó ṣeé wọ̀n tàbí tó ṣeé kà: “a large area”, “a large amount”, “a large percentage”. “Big” ló ń bá ọ̀ràn tó wúwo lọ́kàn lọ: “a big mistake”, “a big decision”, “a big surprise”. Ẹni tó bá gbọ́ “a large surprise” á kọ́kọ́ dúró, á máa ronú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ.

Ní ti “great”, ẹ wo ọ̀rọ̀ orúkọ tó jẹ́ aláìṣeékà: “great care”, “great difficulty”, “great importance”, “great respect”. “Big care” kò sí níbì kankan. Àmọ́ àwọn mélòó kan yapa, “big money”, “big business”, “big trouble”. Àkọ́sórí lèyí, kò sófin tó gbé e. Ìṣòro tó tún wà ni pé lẹ́nu àwọn èèyàn lónìí, “great” ti di “ó dáa gan-an”. Tẹ́ ẹ bá ní “They have a great house”, ẹwà ilé ni wọ́n á gbọ́, wọn ò ní gbọ́ ìtóbi rẹ̀. Inú orúkọ ibi ni ìtumọ̀ ìtóbi ṣì fìdí múlẹ̀ sí, bíi Great Wall ní Ṣáínà. Ó tún kù síbì kan: “a great big dog”, níbi tó ti ń fún “big” lágbára. Ẹ ò lè yí i sódì sí “a big great dog”.

Ọ̀rọ̀ ìṣe náà ń ṣini. “A large number of people are waiting”, torí “a large number of” kàn dúró fún ọ̀pọ̀ ni, àwọn èèyàn ló ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Àmọ́ “The number of people is falling”, torí iye gan-an ló ń dín kù. “A great deal of water” dáa, “a great deal of cars” kò dáa, ọkọ̀ ṣeé kà.

Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, “big brother” ńkọ́? Ṣé ẹni tó tóbi ni àbí ẹ̀gbọ́n?

Ògbufọ̀:
Ẹ̀gbọ́n ni, ì báà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. “Large brother” ló ń sọ nípa ara. “Great-grandfather” ni bàbá bàbá àgbà tàbí ti ìyá àgbà, ẹ má gbàgbé àmì kékeré tó wà láàárín.

Ẹni tó ń ṣàtúnṣe ìwé:
Ohun tí mo máa ń pa rẹ́ jù nínú ìwé ni “very huge”. “Huge”, “enormous” àti “gigantic” ti gbé “very” sínú ara wọn tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi agbára kún un, “absolutely huge” ni.

Èkejì, “largely” kì í ṣe “lọ́nà títóbi” o, “ní pàtàkì jù” tàbí “lápá tó pọ̀ jù” ni. “At large” tún yàtọ̀ pátápátá: ọ̀daràn tó wà “at large” ni tí ọwọ́ ò tíì tẹ̀. Ìwé ìròyìn kún fún un. Ẹ sì ṣọ́ra fún “enormity”: ọ̀pọ̀ olóòtú ò gbà á fún ìtóbi, ìwà ìkà tó burú jáì ni wọ́n ń fi í pè.

Àwọn yòókù, ibi tó kàn wọ́n ni kẹ́ ẹ gbé wọn sí. “Vast” fún ohun tó tẹ́ lọ salalu, bí òkun àti aṣálẹ̀. “Bulky” fún ẹrù tó gba àyè, kódà tó bá fúyẹ́. “Spacious” fún yàrá. “Hefty” fún owó ìtanràn tó ń dunni. “Substantial” fún ohun tó pọ̀, nínú lẹ́tà ibi iṣẹ́.

Ní ti sípẹ́lì, “bigger” àti “biggest”, g méjì, torí fáwẹ́lì kan ṣoṣo ló ṣáájú kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ní ìparí. “Great” ní fáwẹ́lì méjì, ìdí nìyẹn tí t fi dá wà nínú “greater”.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì:
Kí n fi èyí kún un fún ẹni tó fẹ́ dán an wò fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sórí Google Books Ngram Viewer, ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe wọ́pọ̀ tó nínú ìwé, ẹ tẹ “heavy rain,big rain”, kọ́mà láàárín. Ìlà méjèèjì á jáde, ẹ máa rí i bí ọ̀kan ṣe ga ju èkejì lọ. Ẹ tan “Case-Insensitive”, kó má bàa fo èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Àmọ́ ìwé títẹ̀ nìkan ló ń kà, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu, “big” sì wọ́pọ̀ lẹ́nu ju inú ìwé lọ. Tí “large” bá lékè níbẹ̀, ìyẹn ò ní ká má sọ “big” nínú ìtàkúrọ̀sọ.