Ìdánwò orí Moodle fún akẹ́kọ̀ọ́ 400: báwo ni kí n ṣe tò ó tí kò fi ní dàrú?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ ọdún kìíní ni mò ń kọ́ ní èdè Yorùbá ní yunifásítì, orí Moodle (ètò ìkọ́ni orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ni ìdánwò àárín sáà wọn máa wà. Wọ́n tó 400, fóònù àti dátà ara wọn ni ọ̀pọ̀ máa lò. Ìbéèrè 40, ìṣẹ́jú 40. Ohun mẹ́ta ló ń kọ mí lóminú: nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè já, ìdáhùn tí wọ́n lè máa fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, àti àmì ohùn tó ń di pálapàla nígbà tí mo bá kó ìbéèrè wọlé láti inú fáìlì. Níbo ni kí n ti mú un?

Alábòójútó sáfà:
Àkókò ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Tí ọmọ 400 bá tẹ "Attempt quiz" ní agogo 10:00 gééré, sáfà (kọ̀ǹpútà tó gbé Moodle dání) ní láti to ìbéèrè fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ló sì ti sábà máa ń dákú. Ẹ pín wọn sí gúrúùpù mẹ́rin, kí ẹ lo Group overrides (ibi tí ẹ ti ń fún gúrúùpù kan ní àkókò tirẹ̀): 10:00, 10:15, 10:30, 10:45. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún gúrúùpù kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 55, kí Time limit (iye ìṣẹ́jú tí ọmọ ní láti fi kọ ọ́) wà ní 40. Tí ẹ bá ṣí i fún 40 péré, ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 10 pẹ́ wọlé, 30 ló máa rí, torí pé bí ilẹ̀kùn bá ti tì, aago ẹ̀ náà ti parí nìyẹn.

Níbi "When time expires", ẹ mú "Open attempts are submitted automatically". Cron (iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe fúnra rẹ̀ látìgbàdégbà) ló ń bá ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ti já fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ bi àwọn ICT yín bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣiṣẹ́, "In progress" lẹ máa máa rí lára orúkọ ọmọ náà.

Olùkọ́ físíìsì:
Ti WhatsApp: ẹ má kọ ìbéèrè 40, ẹ kọ 100. Ẹ pín in sí category (ìsọ̀rí) márùn-ún nínú Question bank (ibi tí Moodle ń kó ìbéèrè pamọ́ sí), kí ẹ fa ìbéèrè 8 láìròtẹ́lẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú "a random question". Kí ẹ sì ṣí "Shuffle within questions" (tó ń yí ipò A, B, C, D padà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan), kí "B ni" má baà wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún Review options (ibi tí ẹ ti ń yan ohun tí ọmọ lè rí lẹ́yìn ìdánwò). Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fi "Right answer" sílẹ̀ sábẹ́ "After the quiz is closed", wọ́n á ní ó ti tán. Bí ẹ bá ti lo override, àkókò ìparí gúrúùpù tirẹ̀ ni Moodle ń wò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, torí náà gúrúùpù kìíní á ti máa ka ìdáhùn nígbà tí ìkẹrin ṣì ń kọ ọ́. Ẹ yọ ọ́ pátápátá títí gbogbo wọn á fi parí.

Ìbéèrè 5 lójú ewé kan ló dára jù lójú tèmi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń da sáfà láàmú, gbogbo 40 lójú ewé kan náà sì léwu fún fóònù. Ìdáhùn ń wọlé nígbàkigbà tí wọ́n bá tẹ "Next page".

Olùkọ́ èdè:
Àmì ohùn: ẹ̀bi fáìlì ni. Nínú Word, ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí Plain Text, tó bá sì bi yín ní encoding (ọ̀nà tí fáìlì ń gbà tọ́jú lẹ́tà), ẹ mú Unicode (UTF-8), ẹ má jẹ́ kó mú Windows Default. Lọ́nà Aiken (ọ̀nà ìkọ ìbéèrè sínú fáìlì tí Moodle lè kà), bó ṣe rí nìyí:

Èwo ni fáwẹ̀lì àránmúpè?
A. a
B. ẹn
C. gb
D. o
ANSWER: B

Lẹ́tà ńlá ni ANSWER gbọ́dọ̀ jẹ́, ìlà kan ṣoṣo sì ni ìbéèrè. Bí ẹ bá fẹ́ lo Short answer (ìbéèrè tí ọmọ máa fúnra rẹ̀ tẹ ìdáhùn sí), ẹ rántí pé "ona" àti "ọ̀nà" kì í ṣe ọ̀kan lójú Moodle, bẹ́ẹ̀ fóònù ọmọ mìíràn ò ní àmì rárá. Ẹ kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fún èyí tó lámì ní 100%, èyí tí kò ní ní 50%.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé ẹni tí dátà rẹ̀ tán lè máa bá a lọ lórí áàpù Moodle láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Alábòójútó sáfà:
Rárá o. Quiz tó bá ti ní Time limit kò ṣeé ṣe láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá já kó padà wọlé, kó tẹ̀síwájú níbi tó dé, ṣùgbọ́n aago ò dúró dè é. Ẹ lè fi User overrides fún ẹni tó nídìí ní àfikún ìṣẹ́jú. Kí wọ́n ti wọlé sí àkáǹtì wọn ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, kí ẹ sì sọ fún àwọn ICT pé kí wọ́n má ṣe backup (ẹ̀dà ìpamọ́ sáfà) lọ́jọ́ náà títí agogo 12:00.