Èsì: Ta ni wọ́n ń sìn nínú “Àgbélébùú Iṣẹ́-Ìsìn”?

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín, mo sì kí gbogbo àgbà tí ó wà níbí. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ ṣe fún Distinguished Service Cross, mẹ́dàlì tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń yẹ́ akọni sí, tí ẹ pè ní “Àgbélébùú Iṣẹ́-Ìsìn Àrà-Ọ̀tọ̀”, mo sì ka ibi tí ẹ ti sọ pé kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn mú tirẹ̀ wá. Mo mú tèmi wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń bí mi nínú.

“Ìsìn” yẹn ni. Ẹ sọ fún ìyá aláta kan pé wọ́n fún ẹnì kan ní àgbélébùú iṣẹ́-ìsìn; bí kò bá bi yín bóyá bíṣọ́ọ̀bù ni ẹni náà, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Mo mọ̀ pé à ń sin ìjọba, mo sì mọ̀ pé ìwọ̀fà ń sin olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àgbélébùú bá ti lè ṣáájú ìsìn báyìí, aago ṣọ́ọ̀ṣì ni etí ọmọ Yorùbá yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ìró ìbọn.

Èyí tí ó burú jù ni pé ìtumọ̀ náà kò bá ìtàn mu. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ní ọdún 1917, wọ́n ti ní Medal of Honor, mẹ́dàlì wọn tí ó ga jù lọ, láti ìgbà ogun abẹ́lé wọn, ṣùgbọ́n Ọ̀gágun Pershing, tí ó kó ọmọ ogun wọn lọ sí ilẹ̀ Faransé, dábàá pé kí wọ́n wá nǹkan mìíràn tí wọn yóò fi máa yẹ́ àwọn akọni sí, bí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti ń ṣe. Ààrẹ Wilson fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1918, ilé aṣòfin sì sọ ọ́ di òfin ní ọjọ́ 9 oṣù keje. Méjì ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún náà: àgbélébùú yìí, tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó ṣe akin lójú ọ̀tá, àti Distinguished Service Medal, tí ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì tí ó sì ru ẹrù iṣẹ́ ńlá láìjẹ́ kí ó bọ́ lè gbà. Bí ẹ bá ti ná “iṣẹ́-ìsìn” tán sórí ti àkọ́kọ́, kí ni ẹ ó pe èkejì?

Ẹ tilẹ̀ wo ara àgbélébùú náà. Idẹ ni, lábẹ́ ẹyẹ idì tí ó na ìyẹ́ sórí rẹ̀, wọ́n kọ “For Valor”, èyí tí í ṣe “nítorí ìgboyà”. (Àbúrò wa tí ó kọ “àmì ẹyẹ” lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, tí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sọ mẹ́dàlì di ohun tí ń fò, àṣìṣe ohùn rẹ̀ sún mọ́ òótọ́ ju ìtumọ̀ yín lọ. Èmi yóò kọ ọ́ ní “ẹ̀yẹ”, n kò sì gbà pẹ̀lú yín pé inú “yẹ́” ti “yẹ́ni sí” ni ó ti wá. Ohùn ìparí rẹ̀ ì bá ròkè. “Yẹ” ni, ohun tí ó yẹ ènìyàn.)

Bàbá bàbá mi wà nínú àwọn tí ó lọ jà ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Inú agolo Ovaltine ni ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tí wọ́n fún un máa ń wà, tí ó fi àkísà funfun wé. Bí a bá bi í pé kí ni, “ẹ̀rí ni” ni ó máa ń wí, kì í pè é ní àmì. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka ìtàn Henry Johnson, ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun 369, tí ìbọn rẹ̀ kọ̀ ní igbó Argonne ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù karùn-ún ọdún 1918, tí ó fi ìdí ìbọn àti ọ̀bẹ jà títí àwọn ará Jámánì kò fi rí ẹnìkejì rẹ̀, Needham Roberts, gbé lọ. Faransé yẹ́ ẹ sí lọ́dún náà gan-an. Ó kú ní ọdún 1929. Ọdún 2002 ni orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó fún un ní àgbélébùú yìí, kí Obama tó gbé e dé Medal of Honor ní ọdún 2015. Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹ ó sọ pé ọkùnrin yìí ń sìn ní òru ọjọ́ náà?

Tèmi nìyí: “Àgbélébùú Akin Ojú Ogun”. Kí “Iṣẹ́ Ribiribi” jẹ́ ti èkejì. Ní ti “takuntakun” tí ìyá wa kan dá lábàá, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, n kò tíì gbà. Lójú tèmi, ẹni tí ó ń kọ ebè ni ó ń ṣiṣẹ́ takuntakun.