Ẹ̀yin tó mọ orin Carnatic, báwo lẹ ṣe ń mú eduppu?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orin Carnatic ti gúúsù Íńdíà ni mò ń kọ́ fúnra mi, ibi tala, ìyẹn àyípo kíkà tí orin ń tẹ̀ lé, ni mo há sí.

Kíkà Adi tala, ọ̀kan nínú àwọn tala náà, kò le. Mẹ́jọ ni àyípo kan: àtẹ́wọ́ kan, ìka mẹ́ta, lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́ kan àti yíyí ọwọ́ padà, lẹ́ẹ̀mejì. 4, 2, 2. Ṣùgbọ́n orin gan-an kì í fìgbà gbogbo bẹ̀rẹ̀ lórí samam, ìyẹn àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́. Nínú àwọn kriti kan, ìyẹn irú orin Carnatic kan tó ní ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á wọlé lẹ́yìn ìdajì kíkà, nínú òmíràn lẹ́yìn kíkà kan ààbọ̀. Ibi ìwọlé yẹn ni wọ́n ń pè ní eduppu. Bí mo bá ń kọrin tí mo sì ń pàtẹ́wọ́, ẹnu á fa ọwọ́ lọ. Kí n tó mọ̀, samam mi ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́! Ṣé ọwọ́ nìkan ni kí n kọ́kọ́ fi kọ́ra, àbí kí n máa ṣọ́ sílébù tó bọ́ sórí àtẹ́wọ́ kọ̀ọ̀kan?

Ti mridangam, ìlù tó ń bá akọrin lọ, tún wà níbẹ̀. Bí tani avartanam, ìgbà tí ìlù nìkan ń dún, bá ń parí, onílù á lu korvai, ìyẹn ìlù ìparí tó ti ṣírò, lẹ́ẹ̀mẹta, á sì balẹ̀ gẹ́lẹ́ síbi tí akọrin yóò ti gba orin padà. Bí eduppu kò bá sí lórí samam, ibo ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní kí n máa gbọ́ ọ sí i. Mò ń gbọ́ ọ. Misra chapu, tala tó jẹ́ kíkà 7, pàápàá kò yọ mí lẹ́nu tó báyìí. Ẹni tó bá mọ kriti kékeré tó ń wọlé lẹ́yìn samam, kó dárúkọ rẹ̀ fún mi.