Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ẹ̀yìnkùlé ń wó kó tó gbó: kí ni kí n ṣe?

Olùbéèrè, Ìbàdàn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́rin ló wà lẹ́yìnkùlé wa, lẹ́bàá ògiri, níbi tí omi ìwẹ̀ ń gbà kọjá. Èso àkọ́kọ́ dára. Láti ìgbà náà, èyí tó bá ti so ń wó lulẹ̀ kó tó gbó. Méjì ti lọ báyìí láàárín oṣù kan. Ewé ní àmì dúdú dúdú, etí àwọn ewé ìsàlẹ̀ sì ń pọ́n bí èèpo ọsàn. Ìdí kan ní ọmọ mẹ́sàn-án. Àwọn kan ní kí n da fàtíláísà sí i, àwọn kan ní kí n hú gbogbo rẹ̀ dànù. Èwo ni ṣíṣe?

Àgbẹ̀ Ìkirè
Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ má sì tíì hú nǹkan kan. Ẹ lọ wo èyí tó wó yẹn dáadáa ná, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í wó lọ́nà kan ṣoṣo, ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ àárín igi ló ti ṣẹ́, tí ìdí ṣì dúró nínú ilẹ̀, èso tó wúwo àti atẹ́gùn ló ṣẹ́ ẹ. Òpó nìkan ló nílò. Tó bá tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó yè máa ń funfun, ó máa ń gùn, ó sì máa ń nípọn. Tó bá ti kúrú, tó ti dúdú, ẹ la ọ̀kan gbọọrọ. Bí inú rẹ̀ bá ní àmì pupa rúsúrúsú, aràn inú ilẹ̀ tí ojú lásán kò rí ló ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdá la ìdí tó rí bí iṣu yẹn sí méjì. Tí ẹ bá rí ihò tó ń lọ káàkiri inú rẹ̀, tí ìdọ̀tí kún inú ihò náà, kòkòrò ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Àgbà rẹ̀ dúdú, ẹnu rẹ̀ gùn ó sì tẹ̀, kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò: ara rẹ̀ funfun, kò lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ pọ́n. Ẹ là á, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí.

Olùbéèrè
Mo ti là á. Ihò kún inú rẹ̀, kòkòrò funfun méjì ló sì jáde. Gbòǹgbò tó kù kò pọ̀. Ohun mìíràn ni pé gbogbo ìdí náà ti yọ sókè ilẹ̀, bí ẹni jókòó sórí àpótí.

Àgbẹ̀ Ìkirè
A ti mọ ibi tó ti ń dun ún nìyẹn. Nǹkan méjì ló pàdé.

Ìdí tó yọ sókè kì í ṣe àìsàn. Ara ìyá ni ọmọ ti ń hù, ó sì máa ń hù sókè díẹ̀ ju ibi tí ìyá jókòó sí. Ọmọ-ọmọ á tún ga ju ọmọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ òkè, bí 40 sẹ̀ǹtímítà, ni ọ̀pọ̀ gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń wà. Nígbà tí ìdí bá ti wà lókè, kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú jọ sí ìdí rẹ̀ títí yóò fi bo ibi tó yọ, kí ẹ wá fi koríko gbígbẹ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kó nípọn tó 15 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má jẹ́ kí koríko náà kan ara igi. Ẹ má sì fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀ mọ́, gbòǹgbò lẹ ó máa gé. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fa koríko ibẹ̀.

Ti kòkòrò: òru ló ń rìn, kì í sábà fò, àgbà rẹ̀ sì lè lo ọdún méjì láyé. Torí náà, pańpẹ́ tó rọrùn ń ṣiṣẹ́. Ẹ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti kórè tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ là á sí méjì gbọọrọ, kí ẹ dojú ibi tí ẹ là délẹ̀ lẹ́bàá ìdí. Méjì fún ìdí kan tó. Láàárọ̀, ẹ ṣí i, kí ẹ ṣa kòkòrò sínú omi ọṣẹ. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ kó ìtì náà kúrò, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú oòrùn, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ti sọ pańpẹ́ di ilé ìbímọ fún wọn.

Wọ́n ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun à ń yọ àdá bẹ́. Ẹ yọ àdá sí eléyìí o. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lódindi lẹ́yìn ìkórè ni kòkòrò ń wọ̀ sí.

Ìyá Alájílẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, Àgbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti etí ewé tó ń pọ́n. Tó bá jẹ́ ewé tó ti dàgbà ló ń pọ́n láti etí wọnú, tí ọ̀pá àárín ewé sì ń ṣẹ́ wálẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, potásíọ̀mù, oúnjẹ inú ilẹ̀ kan, ló ń wá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹ ẹ́ púpọ̀; gbogbo èso tí ẹ gé wọlé ló ń gbé e kúrò nínú ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀bá ààtàn fi ń dára lọ́dọọdún: eérú, èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń padà síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Lóṣooṣù nígbà òjò, ẹ wọ́n eérú igi tó kún agolo mílíìkì ńlá kan yí ìdí kọ̀ọ̀kan ká, kó jìnnà sára igi tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Eérú igi ni mo wí o, kì í ṣe ti ọ̀rá tí wọ́n sun. Ẹ fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, ike ọ̀dà ńlá kan, sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní oṣù kẹjọ. Ẹ má da eérú àti ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Òórùn tó ń ta yín nímú nígbà náà ni oúnjẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń fò lọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Ewé tó ní àmì dúdú yẹn, ẹ gé gbogbo rẹ̀ dànù, kí àrùn má baà ràn.

Àgbẹ̀ Ìkirè
Rárá o, Ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ewé ló ń bọ́ èso. Igi tó ń so yẹ kó ní ewé tútù mẹ́fà sí mẹ́jọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èso á kéré, á sì pọ́n kó tó gbó. Ewé tó ti gbẹ ju ìdajì lọ ni kí wọ́n gé tán. Èyí tó gbẹ níbi ṣóńṣó nìkan, kí wọ́n gé ṣóńṣó yẹn. Atẹ́gùn àti omi òjò ló ń gbé àrùn yìí láti ara ewé, torí náà kí wọ́n da èyí tí wọ́n gé dojú délẹ̀, kí wọ́n sì fi koríko bò ó.

Ọmọ mẹ́sàn-án ni kò bójú mu. Ìyá, ọmọ kan, ọmọ-ọmọ kan, ó parí. Ọmọ tó ní ewé tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà, tí ìdí rẹ̀ tóbi tí òkè rẹ̀ kéré, ni kí ẹ dá sí. Èyí tó kéré tó ti ń ta ewé fífẹ̀, ara rẹ̀ kò lágbára.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Mo gbà. Tí a bá gé àwọn yòókù, wọ́n á tún hù kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì ńkọ́? Kẹrosíìnì ni wọ́n máa ń dà sí i ládùúgbò wa.

Ìyá Alájílẹ̀
Kẹrosíìnì ń pa á, ṣùgbọ́n kò pọn dandan nínú ọgbà tí ẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ gé ọmọ náà dé ilẹ̀, kí ẹ ki irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ àárín rẹ̀, kí ẹ yí i títí ọkàn rẹ̀ funfun yóò fi jáde. Bí ọkàn bá ti jáde, kò hù mọ́.

Omi ìwẹ̀ yẹn náà, ẹ wò ó. Tó bá ń kọjá, ó dára. Tó bá ń dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, gbòǹgbò á jẹrà. Ẹ la gọ́tà kékeré fún un.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé mo lè lọ fi lára àwọn ọmọ yìí gbin síbòmíràn?

Àgbẹ̀ Ìkirè
Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹ má baà kó kòkòrò lọ. Ẹ bẹ ìdí rẹ̀ bí ẹni ń bẹ iṣu, ẹ gé gbogbo gbòǹgbò, títí yóò fi funfun. Èyí tí ihò bá wọ inú rẹ̀ lọ, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ wá ki ìdí tí ẹ bẹ náà bọ omi tó ń hó, kí ẹ ka 30 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ yọ ọ́. Kò ní sè. Ẹ sá a síbi òjìji, kí ẹ gbìn ín láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ihò 40 sẹ̀ǹtímítà níbùú, níjìn. Ìdí kan sí èkejì, mítà 2 sí 3. Ó kéré tán, mítà 2 sí ògiri.

Ẹnubodè Ìdírókò
Tí ẹ bá fẹ́ gba ọmọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ wo igi ìyá rẹ̀. Bí ewé orí bá nàró, tó há, tó kó jọ bí ìgbálẹ̀, tí ẹ sì rí ìlà dúdú kéékèèké lára ọ̀pá ewé, ẹ má gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ni o. Àrùn yìí ti wà ní agbègbè wa níhìn-ín àti lókè ọ̀hún ní Benin. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa oje ewé ló ń gbé e kiri, kò sì sí oògùn rẹ̀. Igi tó bá ti ní in, kí wọ́n hú u tọmọtọmọ.

Olùbéèrè
Mo ti rí i kọ. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe lọ́la?

Ìyá Alájílẹ̀
Èyí tó ń so lọ́wọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà là. Ọparun méjì, mítà 3 níkọ̀ọ̀kan, ẹ so wọ́n pọ̀ bí àlùmọ́gàjí níbi tó kù díẹ̀ kó dé orí, kí ẹ fi gbé ọrùn igi láti ìhà tó ń tẹ̀ sí, kó má kan èso. Bí oṣù mẹ́ta ni àgbagbà ń lò láti ìgbà tí èso bá yọ dé ìgbà tó gbó, kó dúró síbẹ̀ títí di ìgbà náà. Ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ o, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í fọ̀.